Owó Ẹlẹ́ṣin Abdulmumini

Tí ẹ bá fẹ́ ra tùràrí tó dára ní ọjà Ipata, tí ẹ sì lè fara da ìwọ̀sí, ọ̀dọ̀ Abdulmumini ni kí ẹ lọ. Ọjà rẹ̀ dára. Ìyẹn nìkan ló sì dára níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, láwàní funfun kì í kúrò lórí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi lára èèyàn. Bí obìnrin kan bá gbé tùràrí sí imú lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Ṣé o fẹ́ gbóòórùn ẹ̀ tán kó o tó sanwó ni?" Bí ọkùnrin kan bá ní tìróò rẹ̀ ti wọ́n jù, á gba tìróò náà lọ́wọ́ onítọ̀hún, á dà á padà sínú ìgò, á sì yíjú sí ẹlòmíràn. Síbẹ̀ wọ́n ń wá. Wọ́n á bú u lọ, wọ́n á bú u bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá, nítorí gbogbo wọn gbà pé òṣùwọ̀n rẹ̀ kì í purọ́.

Òṣùwọ̀n aláwo méjì ni, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn gbé lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ṣílè méjìlá ti ayé òyìnbó, ṣílè idẹ tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí lẹ́yìn. Ṣílè wọ̀nyẹn ló fi ń wọn ọjà. Láyé yìí tí kò sẹ́ni tó ń ná ṣílè mọ́, tí ọmọ ẹlòmíràn ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá oúnjẹ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣílè ṣì ni wọ́n fi ń bèèrè ọjà ní ìsọ̀ Abdulmumini. "Bàbá, ẹ wọn ṣílè mẹ́ta fún mi." Á kó ṣílè mẹ́ta sínú awo kan, á máa da tùràrí sínú èkejì díẹ̀díẹ̀ títí awo méjèèjì á fi dọ́gba, á wá fi ìka méjì bu díẹ̀ lé e ní èènì. Á ní, "Gbà. Kò sí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn ará ọjà kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń wọn tirẹ̀ jẹ́ẹ́ ni, ta ni ì bá bá a jà? Ṣùgbọ́n Abdulmumini ti fi ara rẹ̀ joyè adájọ́ òṣùwọ̀n fún gbogbo Ipata, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́. Á kírun Àílà tán, á fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọ́ ọrùn ọwọ́, á máa rìn láàárín àwọn tó ń ta ọkà. Á dojú kóńgò ẹni ẹlẹ́ni dé, á fọwọ́ gbá ìdí rẹ̀ wò, á ní, "Kí ló dé tí èyí fi dún báyìí?" Wọ́n á fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Inú wọn kò dùn, wọn kò sì lè sọ nǹkan kan, nítorí ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́.

Ọdún kejìlá rèé tó ṣe ti Sakinah. Ọkà bàbà ni Sakinah ń tà, obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ará Pàkátà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà kún, Abdulmumini dojú kóńgò rẹ̀ dé, ó sì rí i pé ìdí kóńgò náà ti wọnú. Ẹni tó bá mọ ọjà mọ ìtumọ̀ rẹ̀: kóńgò tí ìdí rẹ̀ wọnú kì í gba ọkà tó bó ṣe yẹ. Àwọn kan a máa fi òkúta lù ú bẹ́ẹ̀ ní ilé. Abdulmumini kò bi í léèrè. Ó gbé kóńgò náà sókè kọjá orí, ó sì ké pe ọjà, "Ẹ wá wo ohun tí Sakinah fi ń wọn ọkà fún yín. Ẹ wá wo olè tó ń kírun." Ariwo ọjà dáwọ́ dúró wẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó ń já iṣu lórí ọkọ̀ dá iṣu dúró. Sakinah ní, "Ó jábọ́ láti orí ọkọ̀ ni, ní ọ̀nà Bodè Sáadù, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé—" Kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní olè kì í ṣe aláìní àlàyé. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé obìnrin náà lórí. Rokibat ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló bá a di ẹnu àpò ọkà, ó sì dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró. Láti ọjọ́ náà, Sakinah kò fi ẹsẹ̀ tẹ Ipata mọ́.

Abdulmumini sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Ó gbà pé iṣẹ́ Ọlọ́run lòun ṣe.

Ọmọ tí ìyà bá jẹ ìyá rẹ̀ lójú ẹ̀ kì í gbàgbé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Rokibat padà wá sí Ipata, kò sì wá ta ọkà. Ó gba ìsọ̀ tó kọjú sí ti Abdulmumini gan-an, ó kó tùràrí àti tìróò kalẹ̀, ó gbé síkéèlì oníbátìrì kan sórí tábìlì, èyí tí nọ́ńbà máa ń tàn lójú ẹ̀. Ó fi ẹfun kọ ọ́ sára pákó pé: Ẹ WÒ Ó PẸ̀LÚ OJÚ YÍN. Kò bú Abdulmumini rí. Láràárọ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," á sì dìde láìrẹ́rìn-ín. Abdulmumini ì bá yàn pé kó bú òun. Kì í dáhùn. Tí Rokibat bá ti kọjá sí ìsọ̀ tirẹ̀, á sọ ọ́ sókè kí ó lè gbọ́ pé, "Ohun tó bá ń jẹ bátìrì, irọ́ ló ń jẹ."

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti ń sún lọ sí òdìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjì èjì. Ìyàwó Abdulmumini ti kú. Sufyan, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń gbé ní àdúgbò Basin, ó ń wá kí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Kí ló wá kù fún ọkùnrin náà? Orúkọ ni. Orúkọ pé òṣùwọ̀n rẹ̀ pé, bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní in, òun náà sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Tí ìyẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, arúgbó ẹlẹ́nu burúkú kan ló máa ṣẹ́ kù, òun náà sì mọ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ ṣe wọ fóònù. Sufyan ló fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i: ẹnì kan ń sọ níbẹ̀ pé àwọn kan ń ra owó onírin ayé òyìnbó ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, pé bí owó náà bá ṣe pẹ́ tó ni iye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ wo irú irọ́. Ṣùgbọ́n Abdulmumini tí kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ gba fóònù gbọ́. Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì rántí owó ẹlẹ́ṣin.

Owó ẹlẹ́ṣin wà nísàlẹ̀ àpótí tó ń kó ṣílè sí, nínú àpò awọ ewúrẹ́ kékeré kan. Owó funfun ńlá ni, ó fẹ̀ ju ṣílè lọ dáadáa, orí ọba òyìnbó wà lójú rẹ̀ kan, ẹni tó gun ẹṣin tó ń tẹ ẹranko búburú mọ́lẹ̀ wà lójú kejì, pẹ̀lú ọdún 1935 tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í fi wọn ọjà. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ṣàábánì, kí ààwẹ̀ tó wọlé, bàbá á ṣe Bísímílà, á yọ owó ẹlẹ́ṣin sínú awo kan, á kó ṣílè márùn-ún sínú èkejì, á sì dákẹ́ máa wò wọ́n. Á kó márùn-ún mìíràn. Lọ́dún mìíràn á mú ṣílè kan tàbí méjì kúrò, á fi ta alágbe tó bá kọ́kọ́ kọjá lọ́rẹ, á sì wá òmíràn fi rọ́pò. Abdulmumini tó wà ní kékeré gbà pé sàárà ọjà ni bàbá òun ń ṣe. Bàbá náà ṣubú lójijì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò sì dìde mọ́, kò ráyè ṣàlàyé ohunkóhun fún un.

Nítorí náà Abdulmumini pa àṣà bàbá rẹ̀ mọ́ bó ṣe yé e. Tí Ṣàábánì bá dé, á fún alágbe ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ní náírà. Ta ló máa fún alágbe ní ṣílè láyé yìí, kí alágbe sọ ọ́ lù ú? Owó ẹlẹ́ṣin jókòó sínú awọ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì, kò sẹ́ni tó yọ ọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ẹni tó mọ owó. Wọ́n júwe tíṣà kan fún un ní àdúgbò Fate, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìtùnú, tó ń kọ́ni ní ìtàn, tó sì ń kó owó onírin àtijọ́ jọ. Sufyan ní kí bàbá òun gbé owó náà lọ bá a nílé. Abdulmumini kọ̀. Ó fẹ́ kó wá sí Ipata, ní ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán gangan. Ẹ ò mọ ìdí rẹ̀? Ó fẹ́ kí wọ́n pe iye owó náà sókè níbi tí Rokibat á ti gbọ́. Ó ti wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀: pé èyí tó kéré jù nínú ohun tí òun fi ń wọn ọjà lè ra ìsọ̀ ọmọ yìí, kí ó ra síkéèlì rẹ̀, kí ṣéńjì sì ṣẹ́ kù.

Ìtùnú dé ní Sátidé náà. Obìnrin kúkurú ni, tó wọ ṣòkòtò, èyí tó bí Abdulmumini nínú lójú ẹsẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó jókòó, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó sì mú dígí kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú. Abdulmumini ti pe àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ tòsí, ó ní kí wọ́n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Bí mẹ́fà, méje ló dúró. Ní òdìkejì, Rokibat ń di tùràrí sínú ọ̀rá, kò gbójú sókè.

Ìtùnú kọ́kọ́ wo àwọn ṣílè. Ó wo mẹ́rin, ó kó ìyókù tì.

"Bàbá, mi ò lè ra ìwọ̀nyí."

"Kò wù mí kí n tà wọ́n. Iye tí wọ́n jẹ́ ni kó o sọ."

"Wọn ò tó nǹkan. Ẹ wo ibí yìí. Igi ọ̀pẹ tí wọ́n yà sí i dà? Ó ti pa rẹ́. Ọdún tí wọ́n rọ ọ́ gan-an, mi ò rí i kà."

"Ó ti pẹ́ ni. Ṣebí wọ́n ní èyí tó bá pẹ́ ló níye lórí?"

"Irọ́ ni wọ́n pa fún yín," ni Ìtùnú sọ, kò sì fi oyin sí i. "Kì í ṣe pípẹ́ ni. Mo ní owó tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún nílé tí kò ra ìrẹsì kóńgò méjì. Ohun mẹ́ta là ń wò: ṣé èyí tí wọ́n rọ pọ̀ àbí ó ṣọ̀wọ́n, ṣé ara rẹ̀ ṣì wà bó ṣe jáde, ṣé àwọn tó ń wá a sì wà. Àwọn ṣílè yín, wọ́n rọ wọ́n bí ẹ̀wà, wọ́n sì ti gbó."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ojú Abdulmumini pọ́n. Ó wọ́ àpò awọ náà jáde, ó sì ju owó ẹlẹ́ṣin sórí tábìlì gbàgà, bí ìgbà tí wọ́n bá ju egungun fún ajá. Ìtùnú ké "Háà, ẹ rọra," ó sì fi ìbọ̀wọ́ gbé e. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Èyí dára," ló wí níkẹyìn. "Owó ìrántí ni. Ọdún tí Jọ́ọ̀jì ọba wọn pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí oyè ni wọ́n rọ ọ́ láti fi rántí rẹ̀, kì í ṣe pé kí èèyàn máa ná an kiri. Fàdákà wà nínú rẹ̀, bíi ìdajì. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó fi eérú bó o. Ẹni tó tọ́jú ẹ̀ ṣeun. Tó bá jẹ́ ojúlówó, màá san ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà."

"Ọgọ́ta kí ni?"

"Ẹgbẹ̀rún, Bàbá. Wọ́n rọ ọ́ tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Kò ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

"Olè ni ọ́," ni Abdulmumini wí. "Mílíọ̀nù ni wọ́n pè é lórí fóònù. O rí àgbàlagbà, o wá wọ ṣòkòtò wá jí ohun ìní ẹ̀ gbé. Mo mọ irú yín."

Ìtùnú kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bú báyẹn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan. "Kí ẹ lọ tà á fún fóònù. Èmi ò tilẹ̀ tí ì sọ pé ó jẹ́ ojúlówó. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ nígboro, ó sì yẹ ká wọ̀n ọ́n kí ọ̀rọ̀ owó tó wáyé. Ẹ ní òṣùwọ̀n níbí, ẹ sì ní ṣílè. Bí wọ́n ṣe ṣètò owó yẹn nígbà náà, ṣílè márùn-ún gbọ́dọ̀ wúwo bákan náà pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin yìí gẹ́lẹ́. Ẹ kó márùn-ún wá, gbogbo èèyàn á sì rí i."

Abdulmumini kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan òṣùwọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣa ṣílè márùn-ún, òun ló kó wọn sínú awo, òun ló gbé ẹlẹ́ṣin sínú èkejì. Ó gbé okùn sókè níwájú gbogbo wọn, ó sì gbé àgbọ̀n sókè pẹ̀lú rẹ̀. Awo ẹlẹ́ṣin lọ sílẹ̀, awo ṣílè sì fò sókè, kò sì padà wá.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún un gbé. Bákan náà ni. Ó pààrọ̀ awo, ó gbé ẹlẹ́ṣin sí ibi tí ṣílè wà, ó gbé ṣílè sí ibi tí ẹlẹ́ṣin wà. Ẹlẹ́ṣin tún lọ sílẹ̀.

"Ayédèrú ni nígbà náà," ni ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò wí.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ há arúgbó náà sí. Tó bá ní ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ojúlówó, ohun tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ di yẹ̀yẹ́. Tó bá ní ojúlówó ni, kí lẹ máa pe àwọn ṣílè? Ó ń wo awo méjèèjì.

Ìtùnú ní, "Ó kù ká wọ̀n wọ́n lórí síkéèlì tó ń fi nọ́ńbà hàn."

Rokibat ti ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé síkéèlì oníbátìrì náà kọjá ojú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fún fèrè mọ́ ọn, kò yà. Ó gbé e sórí tábìlì Abdulmumini, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìtùnú gbé ẹlẹ́ṣin lé e. Giráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀. Ó ní, "Ó pé. Ojúlówó ni." Ó gbé e kúrò, ó kó ṣílè márùn-ún lé e. Giráàmù mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Ara àwọn ṣílè ló ti jẹ," ni Ìtùnú wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, nítorí ó ti ń rí ojú àwọn èèyàn, ó sì ti yé e pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí owó àtijọ́. "Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ lẹ ń kó wọn sínú awo? Tìróò yẹn pẹ̀lú, bí iyanrìn ló ṣe máa ń ha nǹkan. Ohun tó jẹ́ kí n má lè rà wọ́n náà ló jẹ́ kí wọ́n fúyẹ́."

"Èló ló dín?" Rokibat ló bèèrè.

"Nínú ṣílè méjìlá, bí ọ̀kan ni kò sí níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Abdulmumini rí bàbá rẹ̀, bí ẹni pé ó dúró níwájú òun, nínú oṣù Ṣàábánì, tó dákẹ́ tó ń wo awo. Bàbá kò ṣe sàárà kankan. Òṣùwọ̀n ló ń yẹ̀ wò. Ṣílè tó bá ti fúyẹ́ ló ń fi ta alágbe lọ́rẹ, nítorí alágbe lè ná an, ṣùgbọ́n òun kò lè fi wọn ọjà mọ́. Ẹlẹ́ṣin ni ẹlẹ́rìí tó fi pamọ́ sínú awọ kí ara rẹ̀ má bàa jẹ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni ọmọ rẹ̀ fi wọn ọjà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí náà, tó sì ń dojú kóńgò ẹlòmíràn dé.

"Mo máa ń fi èènì sí i," ló wí. Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. "Gbogbo yín mọ̀. Kò sẹ́ni tí mo wọn ọjà fún tí mi ò fi èènì sí i."

"Ìyá mi náà máa ń fi èènì sí i," ni Rokibat wí.

Kò pariwo. Abdulmumini ń retí pé kó pariwo. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó máa gbé awo òṣùwọ̀n sókè kọjá orí kí ó sì ké pe ọjà, nítorí bẹ́ẹ̀ lòun ì bá ṣe, bẹ́ẹ̀ náà lòun sì ti ṣe rí. Rokibat yọ ṣílè márùn-ún kúrò lórí síkéèlì rẹ̀, ó fi etí gèlè nu ojú síkéèlì náà, ó gbé e, ó sì padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ di tùràrí. Àwọn aládùúgbò fọ́n ká. Ìtùnú ní òun ṣì lè san ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náà. Abdulmumini ní kí ó kúrò lójú òun, ó sì kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ìsọ̀. Ó ti Òkèkéré níbi tó ń gbé fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pàkátà, ó béèrè ilé Sakinah. Obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti darúgbó ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó rí ẹni tó dé, kò dìde, kò sì ní kí ó jókòó.

"Ìyá Rokibat, mo wá bẹ̀bẹ̀," ni Abdulmumini wí. Ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì gbé owó ẹlẹ́ṣin sórí ẹní níwájú rẹ̀. "Wọ́n ní owó ìrántí ni. Ẹ gbà á. Ohun tó níye lórí jù lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Sakinah fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í padà. "Èmi kò nílò owó ìrántí. Mo ti ń rántí láìsí i, láti ọdún méjìlá."

"Mi ò mọ̀ pé òṣùwọ̀n mi dín. Ẹ jẹ́ kí n búra fún yín pé mi ò mọ̀."

"Mo gbà pé ẹ ò mọ̀," ló wí, ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. "Èmi náà ò mọ̀. Ṣé ẹ gbà fún mi? Ẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ilé ọkọ tí Rokibat fẹ́ẹ́ lọ nígbà náà, wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ olè. Ẹ ò gbọ́ ìyẹn."

"Mi ò gbọ́."

"Ṣé inú yàrá mi níbí lẹ ti pè mí lólè, Bàbá Sufyan?"

Sakinah gbé ojú kúrò lórí ẹ̀wà, ó wò ó.

"Ipata ni. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má wá bá mi bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀ fún ohun tí ẹ ṣe ní gbangba. Ẹ mú owó yín dání."

Ó mú un dání. Wọn kì í kí èèyàn pé ó dàbọ̀ nílé tí wọn kò ti kí i káàbọ̀. Ó kọrí sí Ipata.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó débẹ̀, ọjà sì kún. Ó mú òṣùwọ̀n àti ṣílè jáde nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ dúró sí ibi tí Sakinah ń tẹ́ ọkà sí nígbà yẹn, tí kò jìnnà sí ìsọ̀ òun àti ti Rokibat, ó gbé òṣùwọ̀n sókè lọ́wọ́ kan, ẹlẹ́ṣin nínú awo kan, ṣílè márùn-ún nínú èkejì, awo ẹlẹ́ṣin sì lọ sílẹ̀ bó ṣe lọ lánàá. Ó ní, "Òṣùwọ̀n mi kò pé. Mo ti ń dín ọjà kù fún yín láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀. Kóńgò Sakinah náà dín, òun náà kò mọ̀. Mo sì pè é lólè."

Ọjà kò dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń já iṣu ń já iṣu. Obìnrin kan ń ná ìrẹsì, ọkọ̀ kan ń fún fèrè, ẹni méjì tó ń kọjá wo arúgbó tó gbé òṣùwọ̀n dání, wọ́n sì yà fún un kí àpò orí wọn má bàa gbá a. Ohun tó mú ọjà dákẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ ti obìnrin ẹlẹ́nu jẹ́jẹ́, kò mú un dákẹ́ lónìí. Abdulmumini dúró. Ó sọ òṣùwọ̀n kalẹ̀, ó yíjú láti padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Rokibat dúró lẹ́nu ìsọ̀ tirẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

"Wọn ò gbọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ tún un sọ."

Abdulmumini wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òṣùwọ̀n náà, ó sì tún un sọ.